Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Mọ Ìwúlò Ìgbẹ́ Àgùntàn

LÁTI ỌWỌ́ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N ÀGBÀ MEDERBEK ZARLYKOV,
Olùdarí Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Òtútù, Òjò Dídì àti Ẹran Ọ̀sìn ní Gbogbo Orí Òkè,
Ibùdó Ìgbà Òtútù, Ak-Sai (fún ìgbà díẹ̀)

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, 1997

Sí Ọ̀gbẹ́ni Turdukul, darandaran, tó wà ní oko màlúù lẹ́yìn Chelyabinsk, ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Ọ̀gbẹ́ni,

A kí yín. Ìjọba kí yín. Sáyẹ́ǹsì pàápàá kí yín.

Ó ti ta sí wa létí pé ẹ kọ̀wé sí àbúrò yín, Sharshen, pé kí ó gbé ṣọ́bìrì, kí ó wú gbogbo ìgbẹ́ ilẹ̀ ilé àgùntàn yín dànù, kí ó sì da símẹ́ńtì sí i kí òtútù tó dé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Rọ́ṣíà. Ẹ ní ilẹ̀ ilé ẹran tọ̀hún mọ́ débi pé ènìyàn lè jẹun lórí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni, a bi yín: ta ló fẹ́ jẹun níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Ìgbẹ́ àgùntàn kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun ni bẹ́ẹ̀dì àgùntàn, òun ni kúbùsù rẹ̀, òun náà ni ààrò rẹ̀. Bí ẹran ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ó ń gbóná láti abẹ́ wá bí ìkòkò tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí iná tí wọ́n sì dé lọ́mọrí. Àgùntàn tó bá sùn lórí rẹ̀, irun lókè, ìgbẹ́ nísàlẹ̀, ìrù ọlọ́ràá lẹ́yìn, kí ni òtútù fẹ́ fi í ṣe? Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì! Símẹ́ńtì a máa fa ooru ara ẹran mu bí ọ̀mùtí ṣe ń fa ọtí. Abo àgùntàn tó lóyún tó bá sùn lórí símẹ́ńtì ní Ak-Sai, ọmọ inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú, òun náà á sì tẹ̀lé e. Nígbà tí òjò dídì bá yọ́, ẹ ó ní ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ẹ kò sì ní ní ẹran tí yóò dúró lé e.

Àwa fúnra wa ti bá ìyá yín sọ̀rọ̀. Ó ní láti ayébáyé, ìgbà ìrúwé ni a ń gé ìgbẹ́ yìí fún iná dídá, a kì í gé e nígbà tí òtútù bá ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní òun sọ fún yín, ẹ ní òun ti darúgbó. Ọ̀gbẹ́ni, èmi náà ti darúgbó.

Nítorí náà a pàṣẹ, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pé kí ẹ kọ̀wé sí Sharshen kíákíá. Ó ti ń pọ́n ṣọ́bìrì. Ẹ fi èsì tèmi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọmọbìnrin yín, Burul, tó ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí ilé yín ni mo wọ̀ sí fún ìwádìí. Ọmọ náà gbọ́n gan-an. Ó jọ pé wọn kì í yìn ín tó nílé.

Èmi ni, pẹ̀lú gbogbo àpọ́nlé tó yẹ mí,
M. Zarlykov, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá

Burul,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Màmá ńkọ́? Ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ tó ń kàwé ní abúlé ńkọ́? Ẹran ńkọ́? Èmi wà dáadáa.

Kí ló ṣe orí rẹ gan-an? Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà wọ ilé mi, ó ń sùn nílé mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ! Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ! Níbo lẹ tẹ́ ẹní sí fún un? Tó bá jẹ́ ẹ̀bá ilẹ̀kùn lo fi í sí, ìwọ àti èmi la jọ máa sọ ọ́. Ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, lókè pátápátá, níbi tí àlejò pàtàkì ń jókòó, ibẹ̀ ni kí ó wà. Kí Sharshen pa àgbò oníwo kan yẹn fún un, kí ẹ sì gbé orí rẹ̀ síwájú rẹ̀. Àlejò tí kò bá jẹ orí àgùntàn nílé mi, kò tíì dé ilé mi.

Kí o má sì lọ máa fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ o! Mo mọ̀ ẹ́. Ìwọ tí o fi ohùn ímáàmù pe ìrun nígbà tí àsìkò ò tíì tó, tí gbogbo arúgbó abúlé fi ń sáré lọ ṣe àlùwàlá. Ìwọ tí o fi ohùn mi pe ajá títí ajá fi ya wèrè. Bí o bá dán an wò lára Ọ̀jọ̀gbọ́n, ojú mi ni yóò tì, kì í ṣe ojú rẹ. Ìwọ ò ní ojú tó ń tini.

Sọ fún Sharshen kó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ ná. Mi ò tíì gbà o, mo ṣì ń rò ó. Ilẹ̀ tó mọ́ kì í pa ènìyàn. Níbi tí mo wà yìí, èmi ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọmọ màlúù. Omi gbígbóná ń gba inú páìpù kọjá lára ògiri yàrá mi, ṣe ni mo ń ṣí fèrèsé sùn. Ṣùgbọ́n a kì í bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn lórí ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́. Màá kọ̀wé sí òun alára.

Ka lẹ́tà yìí fún Màmá. Fo ibi tí mo ti ń bá ẹ wí.

Bàbá rẹ,
Turdukul

*

Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù o, ẹ kú ilẹ̀ àjèjì. Màmá Àgbà kí yín. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi ẹnu ko lẹ́tà yìí, mo sì ti fi ẹnu kò ó. Àbàwọ́n tíì tó wà nígun òkè yẹn, ẹnu mi nìyẹn. Ibi tí ẹ ti ń bá mi wí ni mo kà fún wọn jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín wọn fi fẹ́ já bọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wà. Òkè pátápátá ló jókòó sí. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ ṣé, kí a má pa àgbò. Ó ní òun kì í jẹ orí àgùntàn, nítorí ojú rẹ̀ máa ń wo òun bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Tíì oníyọ̀ àti búrẹ́dì tó o. Ẹ ò rí i pé àlejò gidi ni?

Bàbá Kékeré Sharshen ti gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ẹnu sílẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn dà?"

"Ó ti lọ wọn òjò dídì lórí òkè."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ó lọ wo bí yìnyín odò ṣe nípọn tó."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń rìn láìní ipasẹ̀!"

"Afẹ́fẹ́ ló ń gbá ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, Bàbá Kékeré. Ṣé ẹ̀yin ò rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ ni?"

Màmá Àgbà ló gbà mí sílẹ̀: "Sharshen, fi àlejò ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́rùn sílẹ̀. Àbí ìwọ lo ń bọ́ ọ?"

Òtútù ti dé lóòótọ́. Bí ènìyàn bá tutọ́, ó ti dì kó tó kanlẹ̀. Àwọn ẹṣin ń fi pátákò wa òjò dídì, àgùntàn ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn jẹ koríko tó bá yọjú. Àwọn màlúù onírun gígùn ò tilẹ̀ bá wa wọlé. Ìta ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí, òjò dídì á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Tó bá di àárọ̀, òkìtì funfun funfun lẹ máa rí, èéfín á máa yọ lórí òkìtì, òkìtì á sì dìde, á gbọn ara. Mo rán kóòtù fún ewúrẹ́ dúdú tó ti darúgbó yẹn. Ó ti rò pé òun ti di ìyàwó gómìnà, kò dá àwọn yòókù lóhùn mọ́. Tí àgùntàn bá wọlé nírọ̀lẹ́, ooru á máa ti ilẹ̀ rú sókè, yìnyín tó so mọ́ irun wọn á yọ́, á máa kán tó, tó, tó. Èmi náà máa ń bọ́ bàtà níbẹ̀, màá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú ìgbẹ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá wa fi bátìrì rédíò ránṣẹ́. Rédíò ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní kàtá, mi ò rí ohùn tuntun kọ́ mọ́.

Ẹ ò kọ̀wé ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi ní ẹ ti gbàgbé wa. Mo ní rárá, ọ̀gá ni yín, ọ̀gá kì í ráyè. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Ọmọ yín, Burul, tí ẹ sọ lórúkọ tó túmọ̀ sí 'yípadà', kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yípadà di ọkùnrin. Ó yípadà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ẹṣin ń bà á.

*

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejìlá

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà, ọ̀gá mi,

Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo tẹríba fún yín. Ẹ foríjì ìkọ̀wé mi. Tiyín náà le díẹ̀ láti kà. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú òjò dídì. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àwọn tó kàwé jù ṣe ń rí.

Ẹ borí. Mo ti kọ̀wé sí Sharshen pé kó má fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn láéláé. Kì í ṣe sáyẹ́ǹsì ló yí mi lọ́kàn padà, ọ̀gá mi. Mo fẹ́ sọ ohun kan fún yín tí mi ò lè sọ fún ará ilé. Ẹni ńlá ni yín. Ẹ ó gbọ́ ọ, ẹ ó sì gbàgbé rẹ̀.

Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni níbí. Èmi ni mò ń fi omi fọ ìgbẹ́ kúrò nílẹ̀ ilé ọmọ màlúù. Kò sí yàrá, kò sí páìpù. Inú kọ̀ǹtẹ́nà onírin kan ni mò ń sùn, símẹ́ńtì ni wọ́n gbé e lé, símẹ́ńtì náà ni ilẹ̀ rẹ̀. Bàtà mi ti ya, omi tí mo fi ń fọlẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ á sì gan mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Orí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń dúdú. Mò ń wúkọ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé, mo kà á tán, mo dùbúlẹ̀, òtútù ń ti ilẹ̀ gba ẹ̀yìn mi wọlé, ó ń wá egungun kiri. Mo ní, "Turdukul, ibi tí o fẹ́ kó àgùntàn rẹ sí rèé."

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò lọ sílé. Ọ̀gá mi, mo ti sọ fún gbogbo abúlé pé katakata ni màá wà bọ̀. Ọkùnrin tó bá fẹnu ńlá jáde nílé, ẹnu ńlá yẹn náà ló ń dúró dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ òtútù bí ẹní mowó, kí ni ènìyàn lè ṣe? Ìgbà òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò sì dá ara mi lójú pé màá rí òpin rẹ̀.

Ẹ má sọ fún Màmá. Pàápàá jùlọ, ẹ má sọ fún Burul. Kò sí ẹni tí ọmọ yẹn kò lè sín jẹ. Tó bá mọ̀, yóò máa wúkọ́ bíi tèmi, yóò máa tiro bíi tèmi, àwọn ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó máa fi ohùn ọ̀gá sín mi jẹ.

Èmi ni,
Turdukul, agbálẹ̀ ilé ọmọ màlúù

*

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, 1998

Burul,

Ṣé lẹ́tà tí mo kọ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ọwọ́ rẹ̀? Àbí ó ti rìnrìn àjò? Àbí ó ń bínú sí mi? Bá mi bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má bi í ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Òtútù ibí ò tó nǹkan. Bàtà ọ̀tún kọ̀ láti wọ̀ mí lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ èyí.

Bàbá rẹ

*

LÁTI ỌWỌ́ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N ÀGBÀ MEDERBEK ZARLYKOV

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kìíní. KÁNJÚKÁNJÚ.

Ọ̀gbẹ́ni Turdukul,

Òjò dídì dí ọ̀nà orí òkè pa, àpò lẹ́tà sì jókòó sí ìlú At-Bashy títí wọ́n fi la ọ̀nà. Lẹ́tà yín méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà. A kà wọ́n. A tún wọn kà. Èéfín ààrò kó sí wa lójú.

Àṣẹ nìyí, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ẹ jáde nínú kọ̀ǹtẹ́nà yẹn lónìí. Ẹ wọ ilé ọmọ màlúù lọ, ẹ wá igun kan, kí ẹ má fi omi kan ibẹ̀ mọ́. Ẹ kó koríko gbígbẹ sí i, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ màlúù tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ṣe ohun tí màlúù ń ṣe sórí rẹ̀, ẹ tún kó koríko gbígbẹ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é títí yóò fi nípọn. Kí ẹ wá sùn láàárín wọn, ẹ̀yìn yín mọ́ ẹ̀yìn wọn. Ojú á tì yín ni? Ojú ń ti òkú?

Ní ti ẹsẹ̀: ẹ má yá a níná, ẹ má sì fi òjò dídì ra á gẹ́gẹ́ bí àwọn aláìmọ̀kan ti ń ṣe. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò gbọdọ̀ gbóná, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ṣé oníṣègùn ẹran wà ní oko yín? Ẹ fi hàn án. Ẹran ni gbogbo wa.

Awakọ̀ kan tó ń kó àlùbọ́sà lọ sí Chelyabinsk yóò gbé ẹrù kan wá fún yín: bàtà irun àgùntàn tí ìyá yín fi omi gbígbóná àti ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ pọ̀, ìbọ̀sẹ̀ irun ewúrẹ́, àti agolo ọ̀rá ìrù àgùntàn kan. Ẹ máa yọ́ ọ sínú tíì gbígbóná kí àyà yín lè tú. A kò sọ nǹkan kan fún ìyá yín. Ó kàn wo ojú wa ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irun.

Ní ti ọmọbìnrin yín, ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀ dùn wá gan-an, àwa tí a ń bá a gbé. Kì í ṣe torí ẹ̀rín nìkan ló ṣe ń sín ènìyàn jẹ. Ẹlòmíràn ń fi ohùn yín sọ̀rọ̀ torí pé ilé dákẹ́.

Ẹ kọ èsì. Ẹ kọ ọ́ kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́.

M. Zarlykov

*

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ọ̀gá mi,

Ọlọ́run á bùkún yín. Mo ṣe é.

Arúgbó ará Rọ́ṣíà tó ń ṣọ́ oko ló kọ́kọ́ ká mi mọ́ ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Turdukul, ìgbà wo lo fẹ́ bí?" Gbogbo oko gbọ́ ọ, wọ́n ń ké "mùú" bá mi kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù yẹn wá le débi pé ẹyẹ ń já bọ́ lórí wáyà, mo kàn rí arúgbó náà tó gbé kúbùsù rẹ̀ há abíyá. Ó ní, "Sún díẹ̀."

Oníṣègùn ẹran wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n máa gé, àfi ẹnu mi tí kò tètè sọ. Ikọ́ ti ń lọ. Bàtà Màmá dé, ó bá mi mu bí ẹni pé ó wọn ẹsẹ̀ mi lójú àlá. Ọmọ màlúù pupa kan ti sọ orí mi di iyọ̀, kì í yé lá a.

Mi ò rò pé màá kú mọ́, ọ̀gá mi. Ilé ni mò ń rò báyìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ni. Màmá kò ní sọ̀rọ̀, mo mọ ìyá mi. Burul ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Òun ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọ̀gá ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, tí mo bá yọ lórí òkè yẹn báyìí, kí ni ọmọ mi máa ṣe?

Turdukul

*

LÁTI ỌWỌ́ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N ÀGBÀ MEDERBEK ZARLYKOV,
Olùdarí Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Òtútù, Òjò Dídì àti

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Ọ̀gbẹ́ni Turdukul,

Ní ìdáhùn sí ìbéèrè yín, a ti ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀, a sì ti rí i pé

Bàbá mi, ọwọ́ òsì ti ro mí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ ìyókù. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á síwájú. Tí ọmọ màlúù pupa yẹn bá wà nítòsí, ẹ dì í mú.

Ẹ ti bi Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ohun tí mo máa ṣe. Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé màá sunkún. Ó lè jẹ́ pé màá kọ́kọ́ bínú, torí lẹ́tà yín yẹn, inú ilé àgùntàn ni mo ti kà á, mi ò lè jáde. Bàbá Kékeré Sharshen rò pé ẹran ló tà mí nípàá. Ẹ purọ́ fún mi pé ẹ ń ṣí fèrèsé sùn. Èmi náà purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ ká gbé irọ́ méjèèjì kọ ara wọn, kí wọ́n jọ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá Àgbà mọ̀ láìsọ. Bàbá Kékeré ti fura pé mò ń da nǹkan rú, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí ó ṣe jinlẹ̀ tó.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Àwọn abo àgùntàn ti ń bímọ. Ìkookò mú ọ̀kan, òtútù mú arúgbó ọ̀kan, àwọn tó kù dúró, ikùn wọn rí bí àpò ìyẹ̀fun. Òtútù ò tíì lọ. Ọmọ àgùntàn á já bọ́ ní tútù, tí ìyá rẹ̀ ò bá tètè lá a gbẹ, etí rẹ̀ á dì. Èmi ń gbé wọn sínú kóòtù, Bàbá Kékeré ń gbé wọn sínú kóòtù, Màmá Àgbà ń gbà wọ́n lẹ́bàá ààrò, kóòtù ò tó mọ́. Láàárọ̀ yìí, abo funfun bí ìbejì, ó ń lá ọ̀kan, mo sì ń fi èémí ẹnu mi yá èkejì níná. Ó mí. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó tọ̀ sí mi lára. Bàbá mi, ọwọ́ òfo gan-an la nílò. Ọwọ́ tó bá gbé katakata dání kò lè gbé ọmọ àgùntàn.

Awakọ̀ alálùbọ́sà tó gbé lẹ́tà yìí wá ń ti ọ̀dọ̀ yín padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ òun ṣófo. Ẹ wọ bàtà yẹn, ẹ fi bo ọmọ-ìka yẹn dáadáa. Ẹ kí arúgbó ará Rọ́ṣíà, ẹ fún un ní ọ̀rá tó kù.

Òǹtẹ̀ yẹn, ọ̀dùnkún tí mo gbẹ́ ni. Ohùn yẹn, inú rédíò ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì àti kúbùsù yẹn, Màmá Àgbà ló ni ín. Ṣùgbọ́n "ẹ jọ̀ọ́" tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà kánjúkánjú yẹn, èmi ni.

Kò sí Ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ní Ak-Sai, kò sì sí rí.

Ẹni tó kọ gbogbo rẹ̀,
Burul, ọmọ yín, tó kúrò nílé ìwé ní kíláàsì keje